Ara Kan Wúwo, Ara Kan Fúyẹ́

Orúkọ tí bàbá mi fi ń pè mí kí n tó kúrò ní Ùpẹnmẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ. Ọ̀lẹ ni. Kò fi ṣe èébú, kò sì fi ṣe àwàdà. Bó ṣe ń pe ajá ní ajá ló ṣe ń pè mí. Ọ̀lẹ, gbé omi wá. Ọ̀lẹ, ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tó yá, tó bá pe orúkọ mi gangan, àyà mi á já, mo máa ń rò pé ẹnì kan ló kú.

Kò purọ́ mọ́ mi. Ara mi wúwo, bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Màá ti jí, ojú mi á ti là kedere, ṣùgbọ́n màá ṣì wà lórí ẹní, màá máa bẹ ẹsẹ̀ mi pé kó dìde. Káyọ̀dé, àbúrò tó tẹ̀ lé mi, tí ọdún méjì péré wà láàárín wa, á ti lọ sódò, á ti dé. Káyọ̀dé ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Tó bá ń jẹun, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n títí abọ́ á fi máa dún. Ìyá wa, ọmọ Ìdóànì, náà ò yàtọ̀. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo rí i kó jókòó láìsí nǹkan lọ́wọ́, orí ìdúró ló ti máa ń ṣa ẹ̀gúsí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ilé kan náà, ọbẹ̀ kan náà. Èmi nìkan ni wọ́n máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ tí mo gba orúkọ yẹn, mo lè sọ ọ́. Àwa ọmọkùnrin méje la jọ ń ṣe àáró. Ẹni tí kò bá mọ àáró, àṣà wa ni: lónìí gbogbo wa á lọ kọ ebè fún bàbá tèmi, lọ́la a ó lọ fún bàbá tìrẹ, títí yóò fi yí gbogbo wa kárí. Iye ebè tí wọ́n bá kọ fún ọ ni ìwọ náà gbọ́dọ̀ kọ fún wọn, kò sí àjẹsílẹ̀. Wọ́n ti kọ tiwa. Nígbà tó kan oko ẹlòmíì, mi ò lè kọ ju ìdajì lọ. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Tí mo bá gbé ọkọ́ sókè, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fà á sẹ́yìn. Káyọ̀dé parí tirẹ̀, ó wá sórí poro mi, ó bá mi kọ ìyókù, èmi sì wà lábẹ́ igi obì, mo ń ṣe bí ẹni tó ń pọ́n ọkọ́. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, olórí àáró wá bá bàbá wa lójúde, níwájú àwọn àlejò. Ó kí i dáadáa, ó ní kí Bàbá má bínú, àwọn ò fẹ́ mi mọ́, ṣùgbọ́n àwọn lè ka Káyọ̀dé sí ènìyàn méjì.

Bàbá mi dìde, ó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló kọ́kọ́ pè mí ní Ọ̀lẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà.

Mo lọ sí pólì ní Ọ̀wọ̀, mo ka ìwé tí wọ́n ń jókòó kà, mo sì rò pé mo ti bọ́. Lẹ́yìn náà mo rí ọ̀nà lọ sókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí mi ò ní okun irọ́ mọ́: ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́, ènìyàn kàn ń wò ó ni. Mo fẹ́ lọ síbi tí kò ti sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ara mi wúwo.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ilé ìkẹ́rùsí kan tó gùn ju ọjà Ọ̀wọ̀ lọ. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀rọ náà á sọ fún mi pé ẹrù wà ní ibi báyìí, lọ mú un wá, á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Tí mo bá pẹ́, orúkọ mi á pupa lórí pátákó níwájú gbogbo wa. Mo sá fún oko, mo bọ́ sínú oko tí kò ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í pariwo, wá bá mi lọ́sẹ̀ kejì, ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi yá. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó lọ. Ó sàn kó bú mi.

Àwọn nǹkan míì yà mí lẹ́nu lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Òtútù, gbogbo ènìyàn ló ń sọ ti òtútù, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni àwọn tó ń sáré lójú títì. Àgbàlagbà ènìyàn, nínú òjò, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀kan, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n rí ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ó ń gbádùn ara rẹ̀ ni, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbádùn. Mo ti rìn láyé mi, mo ti kọ ebè, mo ti gbé isu láti oko dé ilé, mi ò rí ìgbádùn kankan níbẹ̀ rí. Àárẹ̀ ni mo máa ń rí, àárẹ̀ náà kì í sì í lọ bọ̀rọ̀.

Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Wákàtí kan lè kọjá. Àwa mẹ́rin la wà nílé náà, kálukú nínú yàrá rẹ̀, a kì í ríra àfi nídìí sítóòfù. Nílé wa, o ò lè jókòó báyẹn kí ẹnì kan má kọjá kó sọ pé ẹ kú ìjókòó. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà. Ní báyìí, mo fẹ́ kí ẹnì kan kí mi kú ìjókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń pẹ̀gàn mi ló máa kí mi.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ibi tí mo ti wá. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti ìran dé ìran. Ẹni tó wá láti ilẹ̀ àgbẹ̀, tí kò lè roko, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni? Ọ̀nà tó dára jù láti gbà jẹ́ ọmọ Ùpẹnmẹn ni kó o wà ní ibòmíràn. Wọ́n á máa sọ pé a ní ọmọ kan lókè òkun, kò sẹ́ni tó máa bèèrè iye ebè tó lè kọ.

Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá dé tuntun lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù kékeré tó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì kan wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wọ̀n mí, ó sì bèèrè ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ń ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò, ọ̀lẹ ni mí, bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun bí ìbejì, obìnrin méjì tí wọn ò jọra. Ọ̀kan ti ń ta ìpá nínú oyún, títí di òní kò lè wo tẹlifíṣọ̀n láì dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èkejì, tí wọ́n bá gbé e síbì kan, ibẹ̀ náà ni wọ́n á bá a. Oúnjẹ kan náà, ìyá kan náà.

Ó ní àwọn onímọ̀ tó ń wo ohun tí òbí fi ń ta ọmọ látaré nínú ẹ̀jẹ̀ sọ pé apá kan wà nínú bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ láti máa rìn káàkiri tó jẹ́ àjogúnbá, bí gíga àti kúkúrú ṣe jẹ́ àjogúnbá. Ara kan wà, bí ẹni tó ni ín bá ti ń rìn, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láìsí ìdí. Ara kan wà, kò ní fún ẹni tó ni ín ní nǹkan kan ju àárẹ̀ lọ. Mo bi í pé ṣé ọ̀lẹ wá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní rárá. Ó ní ọ̀lẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà, ohun tí òun ń sọ kì í ṣe ìwà, méjèèjì ò sì gbọdọ̀ dàpọ̀. Ó tún ní kí n má gbé e lọ bí ìwé àṣẹ láti máa sùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń darí ènìyàn, ilé tó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó yí i ká, gbogbo wọn ló ń dá sí i. Ara tó fẹ́ràn ìrìn àti èyí tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ìrìn ń ṣe méjèèjì lóore. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá kí i kú iṣẹ́, kó wá ẹlòmíì tó máa kí i. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lédè tiwa nìyẹn, mi ò mọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an lédè tirẹ̀.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sunkún.

Lọ́jọ́ yẹn mo pe Káyọ̀dé, mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, òyìnbó ti bá yín wá àwáwí. Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n Káyọ̀dé ò ní èrò búburú, ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kó mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló wá sọ ohun tó wà nílẹ̀. Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ń kú tipiri, kì í mọ̀ mọ́ tí sálúbàtà bá bọ́. Dókítà tó rí i ní Ọ̀wọ̀ ní kó ṣọ́ ẹnu, kó máa lo oògùn rẹ̀, kó sì máa rìn lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ náà lè di gígé. Ó ń lo oògùn, ó sì ń ṣọ́ ẹnu. Ìrìn ni kò fẹ́. Láti ìgbà tí Káyọ̀dé ti gba oko tó sì ti ra ọ̀kadà, Bàbá kì í kúrò lórí àga fàráńdà.

Mi ò gbà á gbọ́. Bàbá mi, tó máa ń jí gbogbo ilé? Mo ní àgbà ló dé sí i.

Mo ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ sílé. Àdéhùn wa ni pé Bàbá á máa wọ̀ ọ́, Káyọ̀dé á máa ya fọ́tò rẹ̀ sí mi nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, nǹkan tó wà níbẹ̀ ò tó láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀. Mo pe Bàbá, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbéra. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Mo fi fọ́tò náà han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ní ẹ wo bàbá mi. Ọ̀gá wa tí kì í pariwo náà pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn dé ibi pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiwa. Ó nira fún mi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mò ń ṣe é.

Ọjọ́ Thursday kan ni Ìyá pè mí lọ́sàn-án. Ohun mìíràn ló fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ìkómọ ẹbí kan. Mo bèèrè Bàbá. Ó ní ó wà lórí àga níbẹ̀, láti àná ni ó ti ní inú ń run òun, kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ojúde. Nírọ̀lẹ́, fọ́tò dé: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

Mo pe Káyọ̀dé. Mo ní, "Ta ló rìn ín?"

Ó ní, "Èmi ni. Mò ń wọ̀ ọ́ lọ sóko."

Mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo sọ èyí tí kò yẹ kí n sọ, mo ní ṣé ó fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ Bàbá kó tó mọ̀ pé eré kọ́ ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bàbá ló bẹ̀ mí," ó ní. "Ó ní kí n má sọ fún un yín. Ó ní inú yín ń dùn."

Bàbá mi kì í bẹ ènìyàn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wá ìbínú mi, mi ò rí i mọ́. Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Èmi ni mo ni ín. Kí ẹlòmíì parí poro rẹ kí olórí àáró tó dé, kí ìwọ máa pọ́n ọkọ́ tó ti mú tẹ́lẹ̀. Àgbà kọ́ ló dé sí Bàbá. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Káyọ̀dé jọ kíjìpá. Ọdún mẹ́rìnlélógún ti kọjá lẹ́yìn àáró yẹn, èmi ò tíì wo ṣòkòtò náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan rí.

Lọ́jọ́ kejì mo pe Bàbá. Mi ò dárúkọ aago. Mo ní láti òní lọ, èmi pẹ̀lú yín la jọ máa rìn, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín, aago mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú fóònù létí. Ó ní irú ìrìn wo nìyẹn, ìrìn wèrè. Mo ní èmi náà ò fẹ́ràn ìrìn, Bàbá. Ó ní òun mọ̀. Mo ní nítorí náà, ẹ bá mi rìn, tí n bá dá nìkan ṣe é, mi ò ní lè ṣe é. Mo gbọ́ tí àga ké bó ṣe ń dìde.

Ọjọ́ yẹn, a ò rìn ju láti ojúde dé ẹ̀yìn ilé. Káyọ̀dé ń kígbe lẹ́yìn pé kí wọ́n yára díẹ̀, mo sì ní kí Bàbá sọ fún un pé kó lọ sóko. Ara tó fúyẹ́ ò lè kọ́ ara tó wúwo ní ìrìn. Èmi ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ibi tó jìnnà lẹ ó máa wò, igi tó wà níwájú yìí lẹ ó máa wò, tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ ẹ ó wá òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo máa ń bi í pé ibo lẹ dé, á ní òun dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, èmi náà á ní mo dé ibi ilé epo. Á sọ ẹni tó kú fún mi. Á sọ bí ọyẹ́ ṣe ń já ètè òun. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á bínú, á ní òun ń padà sí ulé, mi ò ní bẹ̀ ẹ́, màá kàn máa rìn lọ, tó bá yá màá gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ pé ó ṣì ń wọ́ ọ bọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá délé, màá sọ fún un pé ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.

Lọ́jọ́ kan, lópin ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti rìn dé ojú títì, ibi tí kò dé láti ọdún kan. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ tí ó dúró. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí," ó ní.

Mo ní kó sinmi díẹ̀.

"Kì í ṣe ti òní ni mò ń wí. Láti kékeré ló ti ń rẹ̀ mí. Ìyá rẹ ló máa ń bá mi kọ ebè láfẹ̀mọ́júmọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó dé oko. Wọ́n á dé, wọ́n á rí ebè, wọ́n á ní mo kú ùṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn wà lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀, ìbejì, àjogúnbá, ara tí kì í kí ènìyàn. Ohun tó jáde kọ́ nìyẹn.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń pè mí ní ọ̀lẹ?"

Ọ̀kadà kan kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dúró títí ariwo rẹ̀ fi lọ.

"Mo rò pé tí mo bá ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní dà bí èmi."

Ó dùn mí. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gbé orúkọ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù láti bínú, mo sì ń gbọ́ pé ó rẹ òun náà, ó sì ku gbogbo ọ̀nà tó máa rìn padà kó tó délé.

Mo ní, "Bàbá, ṣé nǹkan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè jókòó lé?"

"Òkúta kan wà."

"Ẹ jókòó."

Mo gbọ́ bó ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀, tó ń mí gùlegùle. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí kò bèèrè lọ́wọ́ mi rí.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ibi ìjókòó wà níbẹ̀?"

Mo wò yíká. Mo ní ògiri kúkúrú kan wà níwájú ilé onílé kan.

"Jókòó, ọma mi," ó ní.

Mo jókòó. Òun wà lójú títì Ùpẹnmẹn, èmi wà nílùú àwọn ẹlòmíì, kò sì sẹ́ni tó ní ká dìde.